Àtọ̀gbẹ Mú Ọmọ Mi, Kì Í Ṣe Ṣúgà Ló Fà Á

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń bi mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀: kí ni mo ń fún ọmọ náà jẹ? Ìyá ọkọ mi bi mí. Olùkọ́ rẹ̀ bi mí. Àwọn tí a jọ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn kò tilẹ̀ bi mí ní tiwọn. Wọ́n gbà pé àwọn ti mọ̀. Ọmọ ọdún 11 ló ní àtọ̀gbẹ, ìyá rẹ̀ á ti fi mínírà àti súìtì kẹ́ ẹ bàjẹ́. Wọn kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n mo ń rí i lójú wọn bí wọ́n bá ń kí mi kú ìrọ́jú.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àtọ̀gbẹ tí a mọ̀ jù láàárín wa, èyí tó máa ń mú àwọn àgbàlagbà, ni oríṣi kejì. Ara àwọn yẹn ṣì ń ṣe ínsúlìn, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ti ọmọ mi ni oríṣi kìíní. Sójà inú ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló ṣìnà, tó kọjú ìjà sí àwọn ohun tíntìntín tó ń ṣe ínsúlìn nínú páńkíríàsì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pa wọ́n, láìsí ìrora, títí ìyókù wọn kò fi ní tó nǹkan. Ohun tí ọmọ jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé lọ́wọ́ sí i, àwọn nǹkan mìíràn náà sì lọ́wọ́ sí i. Mínírà kọ́, súìtì kọ́, àjẹ́ kọ́. Kì í sì í ràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà wa ṣàlàyé. Bí ọkọ̀ èlùbọ́ bá ti Ṣakí dé Bódìjà, àwọn alábàárù ló ń ru ẹrù láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ká ní kò sí alábàárù kankan lọ́jọ́ kan, ẹrù á dí ojú ọ̀nà pa, ṣọ́ọ̀bù á sì ṣófo. Ínsúlìn ni alábàárù ara. Bí kò bá sí, ṣúgà tó ti inú oúnjẹ wá á kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á máa fi ìtọ̀ dà á nù, òùngbẹ á máa gbẹ ọmọ, ebi á sì máa pa ara rẹ̀ bó ti wù kó jẹun tó. Ara tí ebi ń pa á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá rẹ̀, oró kan tí àwọn dókítà ń pè ní kítóònù á máa ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ohun tó ń pa ọmọ gan-an nìyẹn, kì í sì í pẹ́ rárá.

Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé láti kékeré ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń gbé kọ́ọ̀pù omi sùn. Yẹ̀rì yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ń já bọ́ ní ìbàdí, bàbá rẹ̀ ní gíga ló ń ga. Nígbà tó di pé ó ń sùn ní kíláàsì, a gbé e lọ sí kílíníìkì kan ní àdúgbò, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú ń run ún, wọ́n tún ní ibà náà ló le sí i. Ara ilé kan wá mú gúlúkóòsì dé, ó ní kí a pò ó fún un kó lè lágbára. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn nílẹ̀ wa: ọmọ tó bá ti rẹ̀, gúlúkóòsì ló kàn. Ọmọ tí ṣúgà ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ó fẹ́ pa á, ṣúgà náà la tún ń bù sí i lẹ́nu.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá lóru, mímí tó ń mí jìn, ó sì yára, òórùn èso tó ti pọ́n jù ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kò bi wá ní ìbéèrè kejì. Ó gún un ní ìka. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ náà kò kọ nọ́ńbà kankan, “HI” ló kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rò pé ẹ̀rọ náà ń kí wa ni. Ohun tó ń sọ ni pé ṣúgà ọmọ náà ti kọjá 600 mg/dL, ibi tí òǹkà rẹ̀ mọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, bó bá jí láàárọ̀ tí kò tíì jẹun, tirẹ̀ kì í tó 100.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń fi ínsúlìn sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gún ìka rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Nígbà tó lajú dáadáa, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Mọ́mì, ìgbà wo ni wọ́n máa dá abẹ́rẹ́ yìí dúró?” Mo wo dókítà. Dókítà obìnrin náà jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, “A ò ní dá a dúró. Àmọ́ tó bá yá, wàá mọ̀ ọ́n gún ju èmi lọ.” Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ó yẹ kó fi ọgbọ́n bo ọ̀rọ̀ náà fún ọmọdé. Lónìí, mo mọ̀ pé òun ló ṣe ọmọ mi lóore jù nínú gbogbo wa, torí pé kò sí ọjọ́ kankan tí ọmọ náà tún jókòó máa retí kí wọ́n dá a dúró.

Èmi ni mò ń retí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ọ̀fọ̀ tí mo ṣe. Ọmọ wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni torí wọ́n á ní mo ń pe ikú sórí ọmọ. Ọmọ tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ni èyí tó lè dúró ra gúgúrú lẹ́bàá títì kó sì jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣírò. Mo máa ń sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ wọ́ọ̀dù, màá fọ ojú, màá jáde. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ sunkún yín dáadáa, ẹ má wulẹ̀ gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ojú yín ni ọmọ máa wò kó tó mọ̀ bóyá nǹkan burúkú ni.” Láti ọjọ́ náà, mo ní àsìkò ẹkún, mo sì ní àsìkò abẹ́rẹ́. N kì í pò wọ́n pọ̀.

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó dákẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń gún ọmọ, ó máa ń jáde lọ sí kọ́rídọ̀. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó lọ jìnnà. Ó fa omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn sínú sìríńjì kékeré, ó ní kí Dádì gún ara wọn níkùn. Ọkọ mi dijú, ó gún un, ó lajú, ó ní, “Ṣé ìyẹn náà ni?” Òun ló ń gún ọmọ láàárọ̀ báyìí.

Lóru, bí ọmọ bá ti sùn, mo máa ń fi fóònù ka nǹkan nípa àìsàn yìí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ká ní ọdún 1921 ni, òkú lọmọ mi. Kò sí oògùn kankan nígbà náà. Ohun tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ebi pa àwọn ọmọ náà kí wọ́n lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní ìlú Toronto ní Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best, nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod, rí ínsúlìn yọ láti inú páńkíríàsì ẹranko. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Collip sì bá wọn fọ̀ ọ́ mọ́. Ní January 1922, wọ́n gún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson. Òun ni ẹni àkọ́kọ́, ó sì gbé ọdún 13 sí i láyé. Àwọn tó ṣàwárí náà ta ẹ̀tọ́ wọn fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí i lò. Èmi tí mò ń ra ìgò kan báyìí, mo máa ń rántí dọ́là kan yẹn bí mo bá ń ka owó lé oníkẹ́míìsì lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Elizabeth Hughes. Bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ ọdún 11 ni òun náà, bíi tèmi, nígbà tí àìsàn náà mú un ní 1919. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Banting ní August 1922, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 20 lọ, ó sì ti ń lọ sí ọmọ ọdún 15. Ọmọ náà kò kú. Ó lọ sí yunifásítì, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, ọdún 1981 ló tó jáde láyé lẹ́ni ọdún 73. Mo ka èyí fún ìyá ọkọ mi, torí ohun tó ń jẹ wọ́n lẹ́dọ̀ kò ju ta ló máa fẹ́ ọmọ yìí, ṣé ó máa lè bímọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. Apá kan wà nínú ìtàn náà tí n kò fẹ́ràn: Elizabeth fi àìsàn náà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní gbogbo ayé rẹ̀. Tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùkọ́ kò mọ̀, kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí a délé ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ínsúlìn méjì ni wọ́n fún wa. Ọ̀kan mọ́ bí omi, ó ń yára ṣiṣẹ́, a máa ń gún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Èkejì funfun, a máa ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó pò dáadáa, òun ló ń ṣiṣẹ́ pẹ́. Ikùn, itan, apá, ìdí, a máa ń pààrọ̀ ojú ibi tí a ń gún, torí bí ẹ bá ń gún ojú kan náà, ibẹ̀ á wú, ínsúlìn kò sì ní wọ ara dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ tí a bá ti lò, inú gálọ́ọ̀nù oníke tó nípọn ni mò ń jù ú sí, kó má gún ẹni tó ń kó ilẹ̀.

Àìsí iná ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ìgò tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, níbi tí òtútù ti wà láàárín 2°C sí 8°C, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù. Ta ló ní iná bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn? Ìyá mi tó wà ní Ìsẹ́yìn ló rán mi létí àmù. Mo ra ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré wà nínú ńlá, iyanrìn tútù wà láàárín wọn, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì fi aṣọ tútù bò ó. Ìgò ínsúlìn wà nínú ike tí omi kò lè wọ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan láti ìhà àríwá, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí irú ìkòkò yìí, ti ẹ̀fọ́ àti tòmátì ló fi ṣe. Ọkàn mi tún balẹ̀ sí i nígbà tí mo kà pé ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Geneva pẹ̀lú àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wádìí ínsúlìn lábẹ́ irú ooru tó wà ní àgọ́ àwọn asásàálà ní Dadaab ní Kẹ́ńyà, tó ń lọ láàárín 25°C àti 37°C, wọ́n sì rí i pé kò bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ má pariwo. Oòrùn gangan àti inú ọkọ̀ tó gbóná ni kí ẹ sá fún.

Owó ni ìṣòro gidi. Láti òkè òkun ni ínsúlìn ti ń wá, nígbà tí náírà sì wó ní 2023, owó rẹ̀ fò sókè. Sítíríìpù tí a fi ń wọn ṣúgà tún wà, sìríńjì tún wà. Mo dá àjọ kan sọ́tọ̀ fún ínsúlìn nìkan. Alájọ ń gbà á lójoojúmọ́ ní ìsọ̀ mi, n kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìnáwó. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọ̀nà ẹ̀bùrú dín ínsúlìn ọmọ kù kó lè pẹ́. Bí owó bá há, ẹ lọ sọ fún dókítà. Oríṣi tí owó rẹ̀ kéré wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn oníbàárà máa ń wá ra èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi nítorí àtọ̀gbẹ, wọ́n gbà pé kò ní ṣúgà. Mò ń tà á, èrè rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n n kì í parọ́ fún wọn: bí ẹ bá ro òkìtì rẹ̀, ṣúgà yín á gòkè. Kò sì sí oúnjẹ kankan láyé yìí tó lè rọ́pò ínsúlìn fún ọmọ tó ní oríṣi kìíní. Ọmọ mi ń jẹ àmàlà, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń jẹ dòdò lọ́jọ́ Sunday. Igbákọ kan náà ni mo fi ń bù ú nígbà gbogbo, kí a lè mọ iye tí a jẹ, kí a sì mọ iye tí a máa gún. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín rọrùn fún un, ẹ̀fọ́ rírò kò ní ìdíwọ̀n. Ògì mímu lásán ló máa ń gbé ṣúgà rẹ̀ fò, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ aláìsàn la pè é.

Kí ṣúgà wálẹ̀ jù náà léwu, ó sì ń yára ju kó gòkè lọ. Bó bá ti wọ abẹ́ 70, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó máa làágùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanra láìnídìí. Ṣúgà oníhóró mẹ́ta sí mẹ́rin la máa ń fún un, tàbí mínírà bí ìlàjì ìgò kékeré, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà o. A máa dúró fún ìṣẹ́jú 15, a máa tún wọ̀n ọ́n. Hóró ṣúgà wà nínú báàgì rẹ̀, ó wà nínú dúróà olùkọ́ rẹ̀, ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Bí ọmọ bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì í ṣe omi, kì í ṣe epo. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbi tó kàn yìí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ ti ń bọ́ lọ́wọ́ òbí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a délé, ṣúgà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà dín ínsúlìn kù, ó tún dín in kù. Ẹran padà sí i lára, ó ń sáré, ó ń jó. Gbogbo ilé ní ó ti san. Wòlíì kan tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú wá ní iṣẹ́ ti parí lókè, ó kù kí ọmọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì da abẹ́rẹ́ nù gẹ́gẹ́ bí àmì ìgbàgbọ́. Ẹlòmíràn gbé àgbo wá, ó búra pé ìyàwó òun náà ti ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi náà fẹ́ gbà á gbọ́, ta ni kò ní fẹ́?

Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ ọ́ fún wa kó tó ṣẹlẹ̀. Hónímúùn ni wọ́n ń pe ìgbà yìí. Bí ínsúlìn tí a ń gún bá ti gba iṣẹ́ lọ́rùn ara, ìwọ̀nba ohun tó kù nínú páńkíríàsì á simi, á tún lè ṣe ínsúlìn díẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn náà, á tán. Ọmọ tí wọ́n bá ti dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lásìkò yìí, ibi tí a ti gbé e wá lóru yẹn ni wọ́n á tún gbé e padà sí, bí wọ́n bá tètè gbé e. Mo ní kí wòlíì gbàdúrà, mo sì ṣe àmín. Ààwẹ̀ nìkan ni mo ní kí wọ́n bá mi gbà. Ìyá ọkọ mi ló yà mí lẹ́nu, àwọn ni wọ́n dìde tí wọ́n ní, “Ọmọ Elizabeth ìjọ́sí, ṣé ó dá abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dúró ni?” Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ní ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, kò rọrùn fún un. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ́kọ́ sá fún un, wọ́n ní ó ń ràn. Ọjọ́ kan wà tó ju ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà rẹ̀ mọ́ ògiri. N kò nà án; mo jókòó tì í, mo ní kó bú u dáadáa, a sì jọ bú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rò pé ẹ̀rọ ń kí wa ló sọ fún un nípa Nacho Fernández. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n ní òun náà ní oríṣi kìíní, dókítà kan sì sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ti parí. Ní 2024, òun ni balógun Real Madrid tó gbé ife Champions League sókè ní Wembley, ìkẹfà tó gbà. Ọmọ mi kì í gbá bọ́ọ̀lù, ìjó ló fẹ́ràn, ṣùgbọ́n fọ́tò Nacho wà lẹ́yìn ìwé tó ń kọ ṣúgà rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú ìròyìn yìí: bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tó ń bì, tí kò lè jẹun, ẹ má dá ínsúlìn dúró pátápátá, ẹ pe dókítà. Ẹ̀yin tó kù, bí ọmọ yín bá ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó ń rù, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè é ní ibà pé kó kọ́kọ́ gún ìka rẹ̀ kó wo ṣúgà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò, èsì rẹ̀ kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan kó tó jáde.